Inú Ń Run Ọmọ, Àyẹ̀wò Kò sì Rí Nǹkan Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù 4 tí inú ti ń run ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11. Àárọ̀ ọjọ́ iléèwé ló máa ń le jù. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ń ṣeré. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ní ó ń díbọ́n ni. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àmúmọ́ra, màmá wa. Kò díbọ́n. Iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ìfun pọ̀ gan-an. Tí ẹ̀rù bá ba ọmọ, ìfun á sáré ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó máa wọ́lẹ̀, iṣan ibẹ̀ á sì gbóná débi pé afẹ́fẹ́ lásán tó ń kọjá á dà bí ọ̀bẹ. Ìrora yìí á tún bí ẹ̀rù mìíràn: tó bá bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì ńkọ́? Àwa tí à ń sọ pé "inú ń fu mí", kò yẹ kí èyí ṣe wá ní kàyéfì.

Ẹ ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí: kó máa rù, kó má dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ibà tí kò lọ, ìrora tó ń jí i lóru. Ọ̀kan péré tó láti padà sọ́dọ̀ dókítà. Èébì aláwọ̀ ewé, tàbí ìrora ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún tó ń le sí i, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ẹ béèrè nípa ìgbẹ́ líle náà. Ọmọ tó ń tijú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé a máa di ìgbẹ́ mọ́nú, ìyẹn nìkan sì tó mú inú run.

Èyí tó ṣòro fún òbí jù ni kó yé béèrè. "Ṣé inú ṣì ń run ẹ́?" ń rán ọpọlọ ọmọ lọ yẹ ikùn wò ni. Nínú ìwádìí tí Lynn Walker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, wọ́n ní káwọn ọmọ mu omi títí inú wọn fi kún. Àwọn tí òbí wọn ń kẹ́ nítorí inú náà ráhùn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tí wọn ò sọ ohun tí òbí wọn máa ṣe fún. Àwọn tí òbí wọn fi ọ̀rọ̀ mìíràn gbà lọ́kàn ráhùn díẹ̀. Àwọn òbí rò pé ìyẹn lè pa ọmọ lára ju kíkẹ́ lọ, àmọ́ àwọn ọmọ tí inú ń run ní ó ràn àwọn lọ́wọ́. Torí náà, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: "Mo mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́. Mí bí a ṣe ń mí, ká wọ bàtà."

Mímí náà nìyí: kó dùbúlẹ̀ gbalaja, kẹ́ ẹ gbé ìwé fífúyẹ́ lé e níkùn. Kó fi imú fa èémí títí tẹ́ ẹ fi ka 4, kí ìwé náà gòkè. Kó fi ẹnu tú u jáde títí dé 6. Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Tó bá jẹ́ àyà ló ń gòkè, kò tíì rí i ṣe. Ìgbà tí inú kò run ún ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ. Ẹni tó ń rì kì í kọ́ ìwẹ̀.

Ọjọ́ tó bá jókòó sílé, kò gbọdọ̀ sí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n. Tára bá ti rọ̀ ọ́, iléèwé yá, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀sán. Tó bá ti pẹ́ tó ti lọ gbẹ̀yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí 2 lóòjọ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí olùkọ́ gbà pé ó lè jáde fún ìṣẹ́jú 10, àmọ́ kíláàsì ni yóò padà sí, kì í ṣe ilé.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 15 ni mí, inú ń run mí bíi tìyẹn. Dókítà ní kí n lọ rí onímọ̀ nípa ìrònú. Ṣé wèrè ni wọ́n pè mí ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ níṣẹ́ kan ni. Wàá kọ ohun tí ẹ̀rù ń sọ sílẹ̀, bíi "màá bì níwájú gbogbo kíláàsì", wàá sì kọ iye ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wàá to àwọn ibi tó o ń sá fún, bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn jù, kó o sì dúró níbẹ̀ títí ẹ̀rù á fi rọlẹ̀. Bó o bá sá nígbà tó gbóná jù, ọpọlọ á gbà pé sísá ló gbà ẹ́ là. Àmọ́ tó o bá ń ronú àtipa ara ẹ lára, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹ. Sọ fún àgbàlagbà kan lónìí.