Ìdáhùn sí ẹni tí iṣẹ́ òru rẹ̀ ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí o kọ láti Ìbàdàn. O ní ilé-iṣẹ́ kan ni o ń bá kọ kóòdù, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, o tún ń jókòó títí di òru sídìí áàpù tí o fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa fi ṣe ìṣirò owó wọn. Ìyàwó rẹ ti wá ní kí o mú ọ̀kan nínú òun àti kọ̀ǹpútà. O bi mí bóyá kí o pa áàpù náà tì, o sì rán mi létí pé iṣẹ́ ìgbafẹ́ lásán ni Linus Torvalds pe Linux, ètò tí ó kọ láti máa darí kọ̀ǹpútà, nígbà tí ó kéde rẹ̀ lọ́dún 1991.

Má pa á tì. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ọdún 21 ni Torvalds nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Yunifásítì Helsinki, ilé ìyá rẹ̀ ló ń gbé, kò sì ní aya tàbí ọmọ tó ń retí rẹ̀. Ìsinmi Kérésìmesì ọdún 1989, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní títì, ni Guido van Rossum fi bẹ̀rẹ̀ Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù. Àwọn ló ni àkókò tí wọ́n lò. Èyí tí ìwọ ń lò, ìwọ, ìyàwó rẹ àti ọmọ yín lẹ jọ ni ín.

Ohun tó dùn mí jù lọ ni gbólóhùn kan tí o sáré kọjá, pé ìyàwó rẹ kò mọ ohun tí áàpù náà wà fún. Obìnrin tó ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lóru, tó mọ iye tí epo bẹntiróòlù dà láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023, tó sì rí i pé dọ́là tí o fi ń san owó server, kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí áàpù náà ń gbé, ń wọnú owó oúnjẹ, kò lè ṣe kó má bínú bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣàlàyé fún un. Jókòó tì í lọ́sàn-án Sátidé, ṣí áàpù náà hàn án, kí o sì sọ òótọ́ bóyá òwò ni o fẹ́ fi ṣe tàbí ìgbádùn ọkàn rẹ. Bí ó bá jẹ́ òwò, ẹ jọ dá iye owó àti oṣù tí yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ ìgbádùn, kò burú rárá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba gbogbo òru. Ta ló sì mọ̀, òun gan-an lè mọ ibi tí ìṣirò ẹgbẹ́ ti máa ń dojú rú jù ọ́ lọ.

Mo mọ̀ pé bí a bá pe ẹni tó ń wá àṣìṣe kiri nínú kóòdù, gbogbo ohun tó ti kó jọ sórí lè fọ́nká. Nítorí náà, ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ fi ẹnu kò sórí òru méjì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn, kí o sì máa kọ ibi tí o dé àti ohun tó kàn sílẹ̀ kí o tó pa ẹ̀rọ, kí ọkàn rẹ má baà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kí o tó gba owó kankan lórí áàpù náà, tún ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ kà dáadáa, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé tiwọn ni ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe, pàápàá lórí lapitọ́ọ̀pù wọn. Bí o bá rí irú rẹ̀, kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí o sì dúró gba èsì kí o tó tà á fún ẹgbẹ́ kankan.