Èsì: Ṣé kí n tún ọ̀dà kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá àgbà kùn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún àwọn tó ń fín ọ̀dà mọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dà dúdú àtijọ́ yẹn ni iyì rẹ̀. Bí wọ́n bá ha á dànù, ó lọ nìyẹn. Ẹ fi àkísà àti kẹrosíìnì díẹ̀ nu ìpẹtà náà jẹ́jẹ́.

Ibi tó le láti tú ni irin kékeré tó de apá pẹ́dàlì mọ́ra. Ẹ rọ epo ẹ́ńjìnnì sí i, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ẹ má fi òòlù lù ú láìfi igi ti apá náà nísàlẹ̀, torí ó lè tẹ̀.

Bí họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Sturmey-Archer, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: wọ́n sábà máa ń tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é sí i. 52 túmọ̀ sí 1952. Táyà tó ti gbó nìkan ni kí ẹ pààrọ̀.