Ẹ má kọ ẹtù tí wọ́n bá fún yín

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín pé ẹ fẹ́ lọ kí ẹbí ọmọ tí ẹ ń sanwó ilé-ìwé rẹ̀ ní àríwá Gánà, ẹ sì ń béèrè irú ẹrù tí ẹ lè dì lọ. Ẹ kú aájò ọmọ náà. Mo ti ṣe irú ìrìn-àjò yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ṣe àṣìṣe tó dùn mí gan-an nígbà àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá yín lóhùn.

Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Tamale, ìlú ńlá kan ní àríwá Gánà, ni ìyá ìyá mi ti ń ta aṣọ títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ Tamale kò kúrò lẹ́nu màmá títí tí wọ́n fi kú. Torí náà, nígbà tí mo rí i pé ọmọbìnrin kan wà láti abúlé kan nítòsí Tamale lára àwọn ọmọ tó ń wá olùrànlọ́wọ́, n kò wo ẹlòmíì mọ́.

Mo sanwó fún ọdún mẹ́rin kí n tó lọ. Àpótí ńlá méjì ni mo dì: aṣọ, bàtà, báàgì ilé-ìwé, bèbí, gbogbo rẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo. A dé agbo ilé, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tiwọn àti ti àwọn àbúrò bàbá. Mo ṣí àpótí lójú gbogbo wọn. Ọmọ náà gbá bàtà mọ́ àyà, kò wọ̀ ọ́, ojú àwọn ìyókù ló ń wò. Bàbá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ilẹ̀ ló tẹjú mọ́.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, bàbá yìí gbé ẹtù ààyè kan wá, wọ́n ti so ó lẹ́sẹ̀. Ìyá ọmọ gbé ẹyin ẹtù tẹ̀lé e nínú igbá. Oṣù keje ni, àsìkò tí ọkà èṣín ti tán nínú àká, tí tuntun kò sì tíì gbó. Mo bá ní rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bọ́ àwọn ọmọ. Àánú ni mo rò pé mò ń ṣe. Ògbufọ̀ wò mí, kò túmọ̀ rẹ̀. Ó rọra sọ fún mi pé tí mo bá kọ̀ ọ́, mo ti sọ fún gbogbo ilé pé ọkùnrin yìí kò tó ẹni tó ń ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo jù ti sọ ọ́ tán. Bàbá náà yí padà pẹ̀lú ẹtù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì rí i.

N kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ká ní bàbá tèmi ni àlejò kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí lójú mi ńkọ́?

Ẹ tètè kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ ọmọ náà, ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Wọ́n lè béèrè ìwé ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ wọn á sì tẹ̀ lé yín. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú, ọmọ kékeré ni wọ́n ń dáàbò bò. Ẹ má gba nọ́ńbà fóònù lẹ́yìn wọn, ẹ má gbé fọ́tò ọmọ sórí Facebook. Tó bá jẹ́ páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, ẹ kò nílò físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì nílò rẹ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ṣe pàtàkì. Láti Accra, bàálù dé Tamale ní bíi wákàtí kan. Ẹ lọ lẹ́yìn ìkórè, ní oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, torí bí àká tilẹ̀ ṣófo, wọ́n á ṣì wá oúnjẹ fún yín.

Ní ti ẹrù, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ wọn kí ẹ tó ra ohunkóhun. Nígbà kejì, obì ni mo rà fún àwọn àgbà, ọṣẹ àti iyọ̀ fún ilé, bọ́ọ̀lù fún gbogbo ọmọ. Ohun tí mo fún ọmọ tí mò ń sanwó fún ni fọ́tò ìyá ìyá mi. Bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, àwọn Dagomba, ẹ̀yà tó ń gbé lágbègbè Tamale, máa ń lóṣòó ni. Tí wọ́n bá ní "Dasiba" láàárọ̀, "Naa" lẹ ó fi dáhùn.

Bàbá àgbà ilé náà gba fọ́tò, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó ní "Ẹ káàbọ̀", ó sì ní obìnrin Yorùbá kan ló ta aṣọ tí òun fi gbéyàwó. Nígbà tí a ń lọ, bàbá ọmọ tún gbé ẹtù wá. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, mo sì gbé e lé ẹsẹ̀ títí a fi dé Tamale.

Tí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Mo mọ ibi tí a ti ń ra obì tó dáa ní ọjà Tamale.