Laurel àti Hardy: ìdí tí ẹ̀rín wọn kò fi gbó

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kí ló dé tí àwọn èèyàn ṣì ń wo Laurel àti Hardy, àwọn aláwàdà méjì inú fíìmù àtijọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ aláwàdà ìgbà wọn ti di ẹni ìgbàgbé. Lójú tèmi, ìfẹ́ àárín wọn ni. Wọ́n á jà, wọ́n á ba nǹkan jẹ́, síbẹ̀ wọn kì í kọ ara wọn sílẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Stan Laurel, Oliver Hardy sì jẹ́ ọmọ Georgia ní Amẹ́ríkà. Ní 1927 ni wọ́n di ìkejì ara wọn ní ilé iṣẹ́ fíìmù Hal Roach. Nígbà tí fíìmù, tí kò ní ohùn tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn òṣèré kan ṣubú. Àwọn méjì yìí ò ṣubú.

Ẹ wá fíìmù wọn The Music Box, èyí tí wọ́n ti ń gbé dùùrù gun àtẹ̀gùn gígùn kan ní Los Angeles wò, òun ló gba Oscar ní 1932. Ìtàn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ! Wọn kì í kánjú rárá. Hardy á kọjú sí kámẹ́rà, bí ẹni ń sọ pé ẹ ò rí ohun tójú mi ń rí. Laurel á họ orí, á sì bú sẹ́kún. Laurel yìí náà ló sì ń ronú ọ̀pọ̀ àwàdà wọn.

Hardy kú ní 1957. Laurel ò bá ẹlòmíràn ṣeré mọ́ títí òun náà fi kú ní 1965. Ọdún yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ wọn, Sons of the Desert, bẹ̀rẹ̀, ó sì wà títí dòní.