Ṣé kí n fi gílóòbù LED sí iná iwájú àti iná ẹ̀yìn mọ́tò mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iná iwájú mọ́tò mi kò mọ́lẹ̀ tó mọ́. Tí mo bá ń wakọ̀ lálẹ́, ńṣe ni mò ń fojú wá ọ̀nà. Gílóòbù H4, ìyẹn halogen olókùn iná méjì, ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní kí n ra LED 6000K tó ní 20,000 lumen (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀), tàbí kí n fi halogen 100W sí i. Ó tún wù mí kí n fi LED sí iná ẹ̀yìn. Èwo ni kí n ṣe tí wáyà ò fi ní jóná?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má tíì náwó lórí gílóòbù kankan. Ẹ ní kò mọ́lẹ̀ tó mọ́, ìyẹn ni pé ó ti mọ́lẹ̀ tó rí. Nǹkan kan ló ń dí i lọ́nà, òun ló yẹ ká kọ́kọ́ wá.

Ẹ wo ojú iná náà lọ́sàn-án gangan. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, ike ni, kì í ṣe jíígí. Oòrùn a máa jẹ awọ tí wọ́n fi bò ó, ike náà á pọ́n rúsúrúsú, á sì ṣe kùrùkùrù. Tó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù yòówù yóò fọ́nká sínú ike kó tó dé ojú ọ̀nà. Sánpépà olómi ni wọ́n fi ń há a, láti orí èyí tó rí ṣákiṣàki dé orí èyí tó kúnná jù, kí wọ́n tó wá pọ́líìṣì rẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n fi fáníìṣì tó ń dènà oòrùn bò ó lẹ́yìn náà. Bí wọn ò bá fi í, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sí bó ṣe wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ríwáyà fi mítà wọn iná tó ń dé ẹnu gílóòbù, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí iná sì wà ní títàn. Tí orí bátìrì bá jẹ́ 13.8V, tí ẹnu gílóòbù wá jẹ́ 12V, ojú ọ̀nà ni iyókù ti ń sọnù: wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń dá iná padà sí bátìrì láti ara irin mọ́tò) tó ti dípẹtà, ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì tó ti jó, tàbí súìṣì tó ti gbó. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé halogen kì í fara da àdínkù yìí rárá. Bí fóltéèjì bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dín, ìmọ́lẹ̀ máa ń dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ́ẹ̀tì tuntun àti rílée (súìṣì tí iná mànàmáná ń tàn) tó ń gba iná tààrà láti bátìrì lè ṣe ju gílóòbù olówó ńlá lọ. Tí mọ́tò bá ti pẹ́, èmi gan-an á kọ́kọ́ ṣe ìyẹn.

Ti 100W, rárá. H4 tó bá mọ́tò yín wá, 55W ló ń jẹ fún dímù (iná tó rẹlẹ̀), 60W fún fúlù (iná tó ń lọ jìnnà). Lórí 12V, 55W ń fa nǹkan bí 4.6A, 100W á fa ju 8A lọ. Wọn ò ṣe wáyà àti súìṣì yín fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ooru rẹ̀ á yọ́ ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì, á sì ba àwo dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù jẹ́. Tí fíúsì bá ń já, tí ẹnikẹ́ni bá wá ní kí ẹ fi èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, ẹ má gbà. Wáyà ló máa jó dípò fíúsì.

Ó wá ku LED, níbi tí ojú ti ń tan àwọn ènìyàn jù. Okùn iná méjì ló wà nínú H4. Abẹ́ okùn dímù ni wọ́n fi agolo irin kékeré kan sí, kí ìmọ́lẹ̀ má baà lọ sísàlẹ̀ àwo. Ìdajì òkè àwo nìkan ló ń gbà á, òun ló sì ń dà á sílẹ̀ sójú títì. Ibi tí okùn yẹn dúró sí gan-an ni wọ́n fi ṣírò àwo náà. Ojú LED pẹlẹbẹ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin kan ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tó bá fi mìlímítà kan péré yẹ̀ kúrò níbi tí okùn wà, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n sókè, á sì fọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sídìí ọkọ̀ á rí i pé iwájú bọ́ńpà mọ́lẹ̀ kedere, inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ìtòsí yẹn ń mú kí ọmọlójú súnkì, ibi jíjìn tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń kọjá á wá ṣókùnkùn sí yín. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú yín náà ò ní rí ọ̀nà.

Nítorí èyí ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi gba gílóòbù LED sínú iná iwájú tí wọ́n ṣe fún halogen. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí díẹ̀ lọ́dún 2020, irú bíi ti Osram, ṣùgbọ́n kìkì àwọn mọ́tò tí wọ́n ti dán an wò nínú wọn ni. Tó bá jẹ́ LED lọ́kàn yín fẹ́, ilé iná odindi tí wọ́n ṣe fún LED, tó bá mọ́tò yín mu tó sì ní àmì ìfọwọ́sí, ni kí ẹ rà.

Ẹ má sì ka 20,000 lumen sí. Dímù H4 tó péye ń mú nǹkan bí 1,000 lumen jáde, fúlù bíi 1,650. LED tó ń jẹ 30W kò lè bí 20,000 láéláé. 6000K ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe agbára rẹ̀, bó ṣe ń lọ sókè ló ń sún mọ́ búlúù.

Tí gílóòbù bá ti gbó lóòótọ́, ẹ ra halogen 60/55W tó ní láárí, kí ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan jíígí rẹ̀, òróró ara á mú kó tètè bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mọ́tò síwájú ògiri lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ní mítà mẹ́wàá. Ní ọ̀pọ̀ mọ́tò, orí ìmọ́lẹ̀ dímù gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá rẹlẹ̀ ju ibi tí gílóòbù ga dé.

Iná ẹ̀yìn ní tirẹ̀, mo fara mọ́ LED níbẹ̀, bí òfin ibi tí ẹ wà bá gbà á. LED bíréèkì ń tàn ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú gílóòbù olókùn. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí, mọ́tò ẹ̀yìn yín ti sá ju mítà márùn-ún lọ láàárín àkókò yẹn. Àmọ́ LED pupa ni kí ẹ fi sẹ́yìn ike pupa. Pupa kò pọ̀ nínú LED funfun, ike náà á sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mì.

Ẹ ṣọ́ra fún gílóòbù ojú méjì o. Ti tẹ́lẹ̀ ń jẹ 5W fún iná alẹ́, 21W fún bíréèkì. Ìyàtọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú LED náà. Ẹ dúró sẹ́yìn lọ́sàn-án, kí ẹnìkan máa tẹ bíréèkì, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú. Tí ẹ ò bá tètè mọ ìgbà tó tẹ̀ ẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Tráfíkétọ̀ á máa ṣẹ́jú wàràwàrà tí ẹ bá fi LED sí i, torí ó rò pé gílóòbù kan ti kú. Ẹ ra fúláṣà (ohun tó ń mú tráfíkétọ̀ ṣẹ́jú) tí wọ́n ṣe fún LED bí mọ́tò yín bá ń lò ó. Bí ríwáyà bá ní rẹ̀sísítọ̀ (ohun tó ń jẹ iná bíi gílóòbù àtijọ́) lòun máa so mọ́ ọn, kó de é mọ́ irin, kí ó má kan ike tàbí wáyà, nítorí gbígbóná rẹ̀ lè jó ènìyàn lọ́wọ́.