Ewúrẹ́, Bọ́ńdì àti Fọ́tò: Owó Tó Ń Wọlé Nígbà Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Wà ní Kíláàsì

Lẹ́tà tó wá láti Òṣogbo lóṣù yìí pọ̀, ohun kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè dáwọ́ lé tí owó á máa wọlé láìjẹ́ pé ó jókòó tì í? A mú mẹ́rin.

Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní 60,000 náírà. Mi ò fẹ́ ná an, mi ò sì ráyè ṣòwò. Níbo ni kí n fi í sí tí yóò fi máa bímọ? (Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, Òkè-Báálẹ̀)

Kọ́kọ́ pín in sí méjì. Ká ní 20,000 lo lè nílò kí sáà tó parí. Ìyẹn kò gbọdọ̀ sí ibi tí wọ́n ti máa tì í pa. Fi í sí money market fund ní ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò. Owó ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n fi ń yá ìjọba àti báńkì fún ìgbà kúkúrú. Ojoojúmọ́ ni èlé ń gorí rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn ń san án. Bó o bá béèrè owó rẹ, ọjọ́ iṣẹ́ méjì sí mẹ́ta ló sábà ń gbà, nítorí náà má dúró di àárọ̀ ọjọ́ tí owó ilé-ìwé ń parí. Àwọn mìíràn tún máa ń gé díẹ̀ lára èlé bó o bá yọ ọ́ kó tó pé ọgbọ̀n ọjọ́.

Fi 40,000 tó kù ra FGN Savings Bond, ìyẹn ni pé ìjọba àpapọ̀ lò ń yá lówó. 5,000 náírà ló kéré jù, o sì lè máa fi 1,000 lé 1,000. Ti ọdún méjì wà, ti ọdún mẹ́ta wà. DMO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó gbèsè, ló ń tà á lóṣooṣù, fún ọjọ́ díẹ̀ péré, ṣùgbọ́n o kò ní lọ bá DMO fúnra rẹ: búrókà tàbí báńkì tí wọ́n fọwọ́ sí ló máa bá ọ rà á, tí wọ́n á sì ṣí àkáǹtì CSCS fún ọ, níbi tí wọ́n ti máa kọ bọ́ńdì náà sílẹ̀ lórúkọ rẹ. Mú BVN, NIN, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti nọ́ńbà àkáǹtì tìrẹ dání, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n. Orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: bí ti BVN bá yàtọ̀ sí ti àkáǹtì, ìbáà ṣe lẹ́tà kan, lọ tún un ṣe ní báńkì kó o tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Iye èlé ń yí padà lóṣooṣù, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà lóde lóṣù tó o rà á ni wọ́n máa san fún ọ títí yóò fi pé. Ká ní 15 nínú 100 ni. 40,000 á mú 6,000 wá lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n á san án, 1,500 lẹ́ẹ̀kan. Ó kéré? Ó kéré. Bí ọjà bá sì ń wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó náà á pọ̀ sí i ṣùgbọ́n ohun tó lè rà á dín kù. Àǹfààní rẹ̀ ni pé 40,000 á padà pérépéré lọ́jọ́ tó pé. Bó o bá fẹ́ jáde ṣáájú, búrókà lè bá ọ tà á, àmọ́ ó lè má mú gbogbo owó rẹ wá.

Àjọ ńkọ́? Àjọ kì í bímọ. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan lóṣù. Lò ó láti fi kó owó bọ́ńdì jọ.

Ọmọ mi ní kí n fi 100,000 sí ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní yóò di 130,000 lóṣù kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbà. (Ìyá olóúnjẹ, Ìgbóná)

Ẹ má fi síbẹ̀ o, ìyá wa. Ẹ wò ó: bó bá jẹ́ òótọ́, tí ẹ kò sì fọwọ́ kàn án, 100,000 yẹn á lé ní 2,300,000 lọ́dún kan. Ẹni tó mọ irú òwò bẹ́ẹ̀ kò ní máa wá owó olóúnjẹ kiri. Owó àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà. Ọjọ́ tí ẹni tuntun bá dín kù ló parí. Bẹ́ẹ̀ ni MMM, irú ètò yìí kan náà, ṣe ti owó àwọn èèyàn pa ní oṣù Kejìlá 2016, bẹ́ẹ̀ ni CBEX ṣe rí ní oṣù Kẹrin 2025. Kí ọmọ yín má sì pe ẹnikẹ́ni síbẹ̀, torí òun ni wọ́n máa wá bá nílé.

Ìyá àgbà mi ní Ìlobùú ní òun lè bá mi sin ewúrẹ́. Ṣé èrè wà níbẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Fìà)

Àgbàsìn nìyẹn, ó sì ti wà kí báńkì tó dé ilẹ̀ yìí. Ìwọ á ra abo, ìyá á sìn ín, ẹ ó pín ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n béèrè lóṣù yìí, èyí ló wù wá jù.

Ra abo méjì tó ti bí rí, torí o ti mọ̀ pé wọ́n lè bí. Tẹ ọmú méjèèjì wò bóyá kò le, wo ìdí rẹ̀ bóyá ìgbẹ́ gbuuru kò lẹ̀ mọ́ ọn. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ni kó o rà. Ti òkè Ọya ga, ó rẹwà, ṣùgbọ́n àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í jẹ́ kó pẹ́ níhìn-ín.

Oṣù márùn-ún ni oyún ewúrẹ́, ìbejì ló sì sábà máa ń bí. Bí òbúkọ bá wà ládùúgbò, ó lè bí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì. Abo méjì lè tipa bẹ́ẹ̀ bí ọmọ méjìlá, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni kó o kà, torí díẹ̀ lè kú: mẹ́rin tìyá, mẹ́rin tìrẹ, abo méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.

Àrùn PPR ló ń sọ méjìlá di òfo. Imú àti ojú á máa ṣe ikun, ẹnu á dégbò, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e, ó sì lè kó gbogbo agbo lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí oògùn tó ń pa á. Àjẹsára ló wà, ẹ̀ẹ̀kan á sì gbé ewúrẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Kí àwọn ọmọ gbà á bí wọ́n bá ti tó oṣù mẹ́rin. Rí i dájú pé inú yìnyín ni dókítà ẹran gbé e wá. Èyí tí ooru ti pa kò sàn ju omi lọ. Ẹran tí o bá rà lọ́jà, so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dara pọ̀ mọ́ tilé.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù náà ń pa wọ́n, pàápàá bí ebi bá ti wọ̀ wọ́n lára: májèlé wà nínú rẹ̀. Kí ìyá sá a títí yóò fi gbẹ kankan. Kí mọ́tò má bàa pa wọ́n, so wọ́n mọ́lẹ̀.

Ìyá àgbà ni o, ṣùgbọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀. Ta ni yóò san owó abẹ́rẹ́? Bí ọmọ kan ṣoṣo bá wáyé, ta ló ni ín? Fi àmì sí etí tìrẹ. Bí ọ̀kan bá kú, kí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí a kò sọ ló ń fa ìjà àgbàsìn, ó ju olè lọ.

Mo fẹ́ máa ta fọ́tò igbó Ọ̀ṣun lórí Shutterstock, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta fọ́tò. Ṣé ó ń mówó wọlé? (Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Díẹ̀díẹ̀ ló ń mú un wá, ṣùgbọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti inú igbó. Iṣẹ́ Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ni àwọn ère ibẹ̀. Wenger kú ní 2009, òfin sì ń dáàbò bo iṣẹ́ ọnà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é, ìyẹn títí di ìparí 2079. Shutterstock máa béèrè ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ.

Ya ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ tí a kò kà sí: ọwọ́ tó ń ro àmàlà, ata tí wọ́n tò sórí àtẹ ní Ọjà Ọba, àdìrẹ tí wọ́n sá sóòrùn. Bí ojú ènìyàn bá hàn, kó buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda. Lógò tó hàn lára ẹ̀wù tàbí ike omi á mú kí wọ́n dá fọ́tò padà, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí kò mú gaara. Ọ̀rọ̀ ìwárí méje sí àádọ́ta ni wọ́n ń fẹ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì; kọ orúkọ oúnjẹ àti ti ìlú sí i.

Ìpín rẹ nínú owó tí wọ́n bá ta fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ láti 15 nínú 100, ó lè gòkè dé 40, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ kìíní ọdún ni wọ́n ń dá a padà sísàlẹ̀. Fọ́tò kan lè mú sẹ́ǹtì mẹ́wàá péré wá, nítorí náà ogún fọ́tò kò jẹ́ nǹkan kan. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni kó o máa rò. Payoneer, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó láti òkèèrè fún èèyàn, ni kó o fi gba owó.

Mẹ́gápíksẹ́lì mẹ́rin ni wọ́n ń gbà ó kéré tán, fóònù tó dáa kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣáà má ṣe gba fọ́tò náà láti orí WhatsApp kó o tó fi ránṣẹ́: WhatsApp á ti fún un pọ̀, ó sì lè má tó mẹ́rin mọ́.