Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òkúta kan jẹ́ limestone?

Ha ojú òkúta náà títí yóò fi yọ ìyẹ̀fun, kí o kán fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i: bí ó bá ń hó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ limestone. Ọ̀bẹ máa ń ha á, òkúta náà kò sì lè ha gíláàsì.

Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n kóra jọ sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n ki pọ̀ di òkúta. Ó yani lẹ́nu pé òkun ti bo Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn rí, ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkúta tó ṣẹ́kù síbẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ńtì.

Mábù náà máa ń hó, nítorí limestone tí ooru abẹ́ ilẹ̀ ti yí padà ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dán bíi ṣúgà, kì í sì í ní àmì ìkarahun.